Àpótí ìwé tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìsánlú

Àpótí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú SSD 256 GB (díìsìkì tí a ń kó fáìlì sí), ráútà àlòkù kan tí kò ní síìmù, àti bátìrì 12 V tí páńẹ́ẹ̀lì sólà orí òrùlé ń ṣájì. Ẹni tó bá so láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù mọ́ Wi-Fi rẹ̀ á rí Wikipedia, ìwé ìṣirò, ẹ̀kọ́ fíísíìsì tí èèyàn lè fi ìka sún káàkiri, àti àkójọ àlọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn kọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra dátà.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Mọpà, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Ìyàrá. Gbogbo ẹni tó bá rí àpótí náà ló máa ń béèrè iye tó ná wa. Àwọn tó ń béèrè ohun tí a láṣẹ láti kó sínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn ló gba àkókò wa jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti iná.

Iná

Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó fọwọ́ kan owó. Pi àti SSD ń jẹ nǹkan bíi 6 W, ráútà ń jẹ 5 W, àpapọ̀ 11 W. Bátìrì asídì 12 V tó jẹ́ 18 Ah ní 216 Wh nínú, ṣùgbọ́n bátìrì asídì tí wọ́n bá ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú, nítorí náà ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ fi ojú sí. Ìdajì yẹn jẹ́ 108 Wh; tí ẹ bá fi 11 W pín in, ó sún mọ́ wákàtí 10. Tí ẹ bá yọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń sọ 12 V di 5 V ń jẹ kúrò, ẹ gbà pé á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 tàbí 9. Ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé ní aago mẹ́jọ, ó ń jáde ní aago méjì. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù fún ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Páńẹ́ẹ̀lì 100 W ló wà lókè. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ máa rán ọmọ gòkè lọ nù ún, torí eruku ọyẹ́ ìhà tiwa yìí kì í ṣeré.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé Pi ń kú fúnra rẹ̀, pàápàá nígbà tí odindi kíláàsì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jí padà, àmì mànàmáná kékeré á yọ sí igun sikirín. Mo tẹ `vcgencmd get_throttled`, àṣẹ tí a fi ń bi Pi bóyá iná rẹ̀ tó, ó dá mi lóhùn pé `throttled=0x50005`. 5 tó kẹ́yìn ń sọ pé iná kò tó lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, Pi sì ti dín eré rẹ̀ kù. 5 tó ṣáájú ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án. Gbogbo wa dá bátìrì lẹ́bi.

Arákùnrin tó ń ṣe sólà wá láti Ẹ̀gbẹ̀. Ó kí wa, "Ọ̀kun o, ẹ̀yin tíṣà," ó sì fa mítà rẹ̀ yọ láìjókòó. Ó gbé ẹnu mítà sí ibi tí iná ti ń jáde nínú ẹ̀rọ tó ń sọ 12 V di 5 V: 5.1 V. Ó gbé e dé ibi tí iná ti ń wọ Pi: 4.5. Pi kì í fẹ́ kí iná rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ 4.63, ibẹ̀ ló ti máa ń fi àmì mànàmáná yẹn hàn. Ó wá fa wáyà tó wà láàárín wọn sókè, wáyà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ju apá lọ.

"Inú páálí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti bá a, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó tà á fún yín rò pé fóònù lẹ fẹ́ máa fi ṣájì, sà. Wáyà yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́nà."

Ó gé e sọnù, ó fi wáyà bàbà tó nípọn rọ́pò rẹ̀, kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, ó jó léèdì sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. A tún tẹ àṣẹ yẹn nígbà tí kíláàsì kún: `throttled=0x0`, kò sí ẹ̀sùn kankan mọ́. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní Pi òun ń kú, wáyà ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Ohun méjì mìíràn, kí n sáré sọ wọ́n. Ẹ wọ `raspi-config`, kí ẹ tan Overlay File System, kí káàdì kékeré tí ètò Pi wà lórí rẹ̀ má baà bàjẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fa wáyà yọ lójijì. Ẹnì kan á fà á yọ dandan. Ẹ má sì fi Wi-Fi inú Pi gbé kíláàsì tó kún. Ráútà ni kó ṣe ìyẹn.

Ohun tí a kó sínú rẹ̀

Kiwix, ètò kọ̀ǹpútà kan, la fi ń pín àwọn ìwé inú àpótí náà. Láti 2007 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó máa ń ká odindi ìkànnì sínú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .zim. Ẹ ó gbé fáìlì náà sórí SSD, ẹ ó tan `kiwix-serve`, ó tán. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lé ní 100 GB, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa kò lè gbé e rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ló fi òru gbà á sílẹ̀, ó sì fi háàdì díìsìkì rán awakọ̀ sí wa.

Wikipedia Yorùbá kéré púpọ̀ sí ìyẹn. Ó ti lé ní 30,000 àkọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Olùkọ́ kan béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní àwọn ọmọ á rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ lè fi kún un. Wọ́n ń kọ àfikún wọn sínú ìwé, èmi a fi fóònù gbé e wọ inú Wikipedia nígbà tí mo bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kò yá, àmọ́ ó ń lọ.

PhET, ẹ̀kọ́ fíísíìsì tí èèyàn lè fi ìka sún káàkiri yẹn, ni àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn jù. Yunifásítì Colorado ní Boulder, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fíísíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Yàrá sáyẹ́ǹsì wa kò ní ámítà kan tó ń ṣiṣẹ́. Nínú èyí tó jẹ́ ti iná, ọmọ á fi ìka fa bátìrì, gílóòbù àti wáyà, á so wọ́n pọ̀, á rí iná tó ń ṣàn. Ọmọkùnrin kan ní SS1 so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà lásán, láìsí gílóòbù. Iná sọ lórí sikirín. Kíláàsì pariwo, òun náà sì fò kúrò lórí àga. Tíṣà fíísíìsì kò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí ń jẹ́ short circuit mọ́.

Àwọn tó ń lọ sí yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀ rí tiwọn náà. NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti òkèèrè, ti fi ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni láti kà. A kó ti ọdún kìíní nínú wọn.

Ìwé tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, àti ìwé tí a lè tún ṣe

Ẹnu ibí yìí la ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé fíláàṣì wá, ó kún fún ìwé kíkà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ń tà, tí ẹnì kan ti ya fọ́tò rẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ láti WhatsApp dé WhatsApp. Ó ní, "Ṣebí gbogbo wa la ní i lórí fóònù?" Òótọ́ ni, gbogbo wa la ní i. Mo kọ̀ láti kó o sínú àpótí.

Òfin kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi sí ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Àwòkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi iṣẹ́ òǹkọ̀wé sí abẹ́ ààbò títí dìgbà ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ìwé yẹn kò ní ṣe wá láǹfààní tó. Ó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ kò bá yé ọmọ Yàgbà, a ò lè yí i padà kí a sì fi ẹ̀dà tuntun náà síta fún àwọn ará Ìjùmú. A ò lè mú orí kẹta rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí kejì ti ìwé mìíràn. A óò kàn máa kà á bó ṣe wà ni.

Nínú ìpàdé kan tí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti àgbáyé, pè ní Paris ní 2002 ni wọ́n ti fún ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ lórúkọ tí ayé ń pè é, OER. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ti kéde pé òun á gbé ẹ̀kọ́ òun síta fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni àjọ Creative Commons (CC) gbé àwọn láísẹ́ǹsì rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé àṣẹ, jáde, kí ẹni tó bá ṣe nǹkan lè sọ ṣáájú ohun tó gbà kí ẹlòmíràn ṣe sí i. Ní 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn pàtàkì kan lórí rẹ̀. David Wiley, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ló ka ohun tó yẹ kí èèyàn lè ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí márùn-ún: kó fi pamọ́ sọ́wọ́, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó pò ó mọ́ òmíràn, kó pín in. Ìwé inú fíláàṣì yẹn kò fún wa láṣẹ ẹyọ kan nínú wọn ju kíkà lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ló fẹ́ kọ́ olùkọ́ ilẹ̀ wa ní pínpín. Nóòtì ẹ̀kọ́ tí a ń kó síwájú ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ta ló dá tirẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀? Ti ọdún tó kọjá la dà kọ. Ẹni tó wà ní kíláàsì náà kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kábà ló kọ ti ọdún tó kọjá, òun náà dà á kọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ló ń sọnù lọ́nà. Tí àṣìṣe bá wà nínú nóòtì náà, á máa rìn láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n á wí fún. Ohun tí láísẹ́ǹsì fi kún un kò ju èyí lọ: orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò gbọdọ̀ já bọ́, ẹni tó bá sì yí nǹkan padà gbọ́dọ̀ sọ pé òun yí i padà. Sí mi, ìyẹn ju gbogbo WhatsApp wa lọ. (N kò tíì fẹnu kan àwọn tó ń fi dandan ta háńdàótì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọjọ́ tiwọn á pé.)

Ìwé ìṣirò

Ìwé Siyavula, ilé iṣẹ́ kan láti South Africa, la mú fún ìṣirò SS1. Grade 10 tiwọn sún mọ́ SS1 tiwa. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí ẹ̀dà méjì ló wà. Èyí tó ní àmì ilé iṣẹ́ náà lára wà lábẹ́ CC BY-ND, ọ̀kan nínú láísẹ́ǹsì Creative Commons: ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè pín in, ẹ ò gbọdọ̀ pín èyí tí ẹ bá tún ṣe. Èyí tí kò ní àmì wà lábẹ́ CC BY, èyí ni ẹ lè tú palẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín wọn, ND, òun ló sì pinnu bóyá olùkọ́ ni yín tàbí òǹkàwé.

Owó rand ló kún inú rẹ̀. A ò kàn pa R rẹ́ kí a fi ₦ síbẹ̀, nítorí iye owó náà á dà bí àlá. A kọ àwọn ìdánrawò kan lákọ̀tun. Ọ̀kan rèé: awakọ̀ tó ń kó kajú láti Ìsánlú lọ sí Ìlọrin ń gba ₦5,000 fún ìrìn àjò náà, àti ₦800 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ó gba ₦21,000. Àpò mélòó ló kó?

Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ kò tilẹ̀ mú bíírò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń gbé àpò kan ní 800?" Mo bi í pé èló ni wọ́n ń gbé e. Ó ní 1,500, ó tún ní ìyẹn jẹ́ tẹni tí wọ́n bá mọ̀. Mo ní kó tún un ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ má yí padà. Ó jókòó tì í títí, ó kọ 5,000 + 1,500x = 35,000 sójú pátákó, ó ní àpò 20 ṣì ni. Ìbéèrè yẹn ló wà nínú ẹ̀dà wa báyìí. N ò rò pé ìwé kankan tí mo ti fi kọ́ ìṣirò rí ti mú kí ọmọ wá ìbéèrè sí ìdáhùn, kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè.

Ojú ewé kejì ẹ̀dà náà sọ pé Siyavula ló ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sọ láísẹ́ǹsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì to orí tí a yí padà lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí CC BY béèrè nìyẹn.

Pípò pọ̀ ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Tíṣà bàọ́lọ́jì fẹ́ fi àlàyé Khan Academy kan àti ìpínrọ̀ Wikipedia kan pò nóòtì kan ṣoṣo. CC BY-NC-SA ni ti Khan Academy, kò gbà kí wọ́n fi ṣòwò. CC BY-SA ni ti Wikipedia, ó gba òwò, ó sì ní kí ohunkóhun tó bá jáde lára òun wà lábẹ́ àṣẹ kan náà. Àṣẹ méjèèjì kò lè gbé inú nóòtì kan. A fi wọ́n sí ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sọ pé kí wọ́n tẹ nóòtì jáde kí wọ́n tà á láti fi ra bátìrì kejì, ti Wikipedia nìkan la fún un.

Àlọ́

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àbájáde rẹ̀ dára, gbogbo olùkọ́ ló gbọ́ nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ tó wọ kíláàsì bá Yorùbá ìwé níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹnu ìyá rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ ìwé tó máa tẹ ìwé àlọ́ ní Yàgbà, ọjà náà kò tó wọn ná. Àwọn ọmọ wa ló ṣe é.

Wọ́n gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, wọ́n sì kọ ọ́. Ìjà dé nígbà tí ọmọ Ìsánlú àti ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kò gbà fún ara wọn lórí bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan. A ní kí oníkálukú kọ tirẹ̀. Àlọ́ kan ní ẹ̀dà méjì, ó ti tán.

Kí a tó gba ohùn ẹnikẹ́ni, a máa ń ka ìwé ìyọ̀ǹda sí i létí ní Yàgbà: pé ẹnikẹ́ni á lè ka àlọ́ náà, á lè tẹ̀ ẹ́, á lè yí i padà, ṣùgbọ́n orúkọ abúlé tó ti wá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ti orúkọ abúlé yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Màmá kan ní ká tún un kà. A fi CC BY-SA sí i, kí ẹni tó bá tún un ṣe má lè tì í mọ́ ẹlòmíràn.

Bàbá àgbà kan pa àlọ́ fún wa dáadáa, orin egúngún kan sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí a ka ìwé ìyọ̀ǹda náà tán, ó ní ká yọ orin náà. Ọmọ tó mú fóònù lọ́wọ́ ní, "Bàbá, ẹ ti kọ ọ́ tán ná." Bàbá dáhùn pé, "Àlọ́ lẹ béèrè, mo ti fún yín. Orin yẹn kì í ṣe tèmi nìkan, n ò lè dá a fún ẹnikẹ́ni." A pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Òfin 2022 náà ní apá tó dá lórí àlọ́, orin àti àṣà ìbílẹ̀, àmọ́ kò dìgbà tí a bá ṣí òfin. Àwọn tó ń pariwo pé kí gbogbo ìmọ̀ ṣí sílẹ̀ kì í sábà béèrè ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ni ín.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Àmì ohùn orí àwọn àlọ́ kò tíì pé, ẹni tó mọ̀ ọ́n fi sí ní ilé ẹ̀kọ́ náà kò ju ẹnì kan lọ. Fáànù Pi ti ń pariwo, eruku ló mu ún, mo ti ra òmíràn.

Àwọn olùkọ́ kan láti Mọpà ní kí n fi PDF ìwé ìṣirò náà ránṣẹ́. Mo fi fáìlì LibreOffice ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n lè ṣí kí wọ́n sì tún kọ. Wọ́n kọ́kọ́ rojọ́ pé ó ń tú lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá orí kejì padà: wọ́n ti yọ kajú nínú ìdánrawò méjì, wọ́n fi iṣu sí i, wọ́n sì fi àwọn ìbéèrè onírú ti NECO kún ìparí rẹ̀. N kò fara mọ́ iye tí wọ́n fi sórí iṣu. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo ń retí èsì wọn kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwa.